Ẹ̀bẹ̀ Tí A Kò Gbọ́: Ìwàásù Lórí Gẹ́nẹ́sísì 42:21



Ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí wà nínú ìwé Gẹ́nẹ́sísì, orí 42, ẹsẹ 21. Kí ẹ tó ka èyí tí mo kọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ kà á láti ẹsẹ 18 títí dé ẹsẹ 24. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí orí 37, kí ẹ sì kà á tán. Kò ní pẹ́ yín, ọ̀rọ̀ tèmi lè dúró.

Ilé Jákọ́bù jẹ́ ilé ńlá. Ọmọkùnrin 12, ọmọbìnrin kan tí a dárúkọ, ìyá 4, àwọn ìránṣẹ́, àwọn darandaran, àgùntàn àti ewúrẹ́; nígbà tí gbogbo wọn sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì, 70 ni Ìwé Mímọ́ kà sí ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í parọ́rọ́ rí. Bí ẹnìkan kò bá sunkún, ẹlòmíràn a máa kọrin. Bí àwọn méjì bá ń jà ní ọ̀nà odò, àwọn mẹ́ta a máa rẹ́rìn-ín ní ìdí ààrò. Síbẹ̀ inú ilé aláriwo yìí ni Ọlọ́run fi májẹ̀mú rẹ̀ sí. Kí èyí kí ó tu àwọn ìyá tí ariwo ọmọ ti sú nínú.

Nísisìyí, ẹ kíyèsí ohun kan. Ní orí 37 a rí i bí àwọn arákùnrin Jósẹ́fù ti bọ́ aṣọ rẹ̀, tí wọ́n gbé e sọ sínú ihò tí kò ní omi, tí wọ́n sì jókòó láti jẹun. A gbọ́ ọ̀rọ̀ Réúbẹ́nì. A gbọ́ ọ̀rọ̀ Júdà. A tilẹ̀ gbọ́ iye owó tí wọ́n tà á, 20 ìwọ̀n fàdákà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ti tẹ ọmọ náà, a kò gbọ́ gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka orí náà lásán lè rò pé bí ẹni tí ó yadi ni ó ṣe bọ́ sínú ihò náà. Ó di orí 42, nígbà tí ìyàn mú, tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí fúnra wọn sì wà nínú ìdààmú ní ilẹ̀ àjèjì, kí a tó mọ̀ pé ọmọ náà bẹ̀bẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn. Ojú wọn ni ó ṣe, etí wọn ni ó sì ṣe. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ihò bí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì mú ọkàn wọn le.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi í ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ yín. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 30 ni nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ọdún 7 ni ti ọ̀pọ̀, ìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn arákùnrin rẹ̀ tó wá ra ọkà. Ó ju 20 ọdún lọ dájúdájú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n rẹ́ irun àgùntàn, wọ́n sì jókòó ti bàbá wọn tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Kò sí ibi tí a ti rí i kà pé ọ̀kan nínú wọn dárúkọ ẹ̀bẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lọ́kàn wọn, kò jẹrà.

Ẹni tí ó túmọ̀ ìwé Gẹ́nẹ́sísì sí èdè wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí ní ìlú Òṣogùn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀; a yà wọ́n nípa, a sì tà á láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti di Samuel Ajayi Crowther, àlùfáà, àti lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n èmi a máa fẹ́ràn láti ronú nípa ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ìyá rẹ̀, Àfàlà, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọdún 25 ti kọjá. Obìnrin náà ń gbọ̀n, kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì pè é ní Hannah. Ayọ̀ ńlá ni. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè dá ọdún 25 náà padà fún ìyá tàbí fún ọmọ.

Èyí ni ó mú mi dé ibi tí mo ń lọ, tí ẹsẹ̀ mi sì ń wúwo láti dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ilé tí a ti tọ́ mi.

Olùkọ́ àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, ó sì tún ń ṣe katikíìsì fún ìjọ kékeré kan ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọmọ 9 ni ìyá mi bí fún un. Àwọn ọmọ ìbátan 4 wà lọ́dọ̀ wa, àti ọmọ ilé-ìwé 2 tí òbí wọn wà ní oko. Ìyá bàbá mi náà wà níbẹ̀. Bí a bá ka gbogbo wa, a jẹ́ 18 nínú ilé oníyàrá 5. Ní aago 5 ààbọ̀ òwúrọ̀, bàbá mi a mi agogo ọwọ́ kan tí ohùn rẹ̀ ta létí bí ata ti í ta lójú, àwa ọmọ a sì máa táràrà jáde láti orí ẹní, ẹlòmíràn á wọ ẹ̀wù rẹ̀ ní òdì, ẹlòmíràn á tún máa sùn lórí eékún rẹ̀ títí orin yóò fi parí. A ń ka Bíbélì yípo, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò tíì mọ̀wé a máa sọ ti wọn tẹ̀lé ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan a máa ka iye ẹsẹ tí ó kù kí ó tó kàn án, kí ó lè mọ̀ bóyá orúkọ tí ó ṣòro láti pè ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ikọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lójijì.

Ìyá-ńlá wa kò mọ̀wé. Òun ni ó ń ṣe àdúrà ìkẹyìn, kì í sì í parí rẹ̀ láìdárúkọ àwọn ọmọ 15 tí ó wà nínú ilé, láti orí àgbà dé orí èwe, lọ́kọ̀ọ̀kan. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà, nítorí pé ebi ti ń pa wá, àdúrà náà sì gùn.

Oúnjẹ náà ní ètò tirẹ̀. Àwo ńlá kan ni àwa ọkùnrin fi ń jẹun, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ni ó sì ń pín ẹran, àgbà ni ó kọ́kọ́ ń mú. Nígbà tí mo kà á ní Gẹ́nẹ́sísì orí 43 pé Jósẹ́fù tò àwọn arákùnrin rẹ̀ sí ìdí oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, tí ẹnu sì yà wọ́n, ẹnu kò ya èmi. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé a fún Bẹ́ńjámínì, àbíkẹ́yìn wọn, ní ìlọ́po 5 ti àwọn yòókù, tí ìjà kò sì bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìbátan náà jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbímọ, gẹ́gẹ́ bí Rákélì ti kú, bàbá mi sì lọ mú un wá láti oko kòkó bàbá rẹ̀ ní apá Oǹdó. Ó fi ọdún 2 jù mí lọ. Èmi àti òun ni a jọ ń sùn lórí ẹní kan. Orí rẹ̀ pé ní ìdí ìwé ju tèmi lọ, ó sì máa ń ṣe ìṣirò mi fún mi.

Ní ọdún 1986 ni ètò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, tí agbára owó náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Nígbà tí yóò fi di 1988, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 10, owó oṣù bàbá mi kò lè gbọ́ bùkátà wa mọ́. Ìyá mi a máa gé ẹran kéékèèké tó bẹ́ẹ̀ tí eyín kì í fi í mọ ìgbà tí ó kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ Ìkórè, nítorí àwọn àlejò tí yóò wá láti àwọn ìjọ mìíràn, ó din ẹran sínú agbada kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi àwo bò ó, ó sì gbé e sí orí àjà ní ilé ìdáná.

Mo dìde ní òru. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú, mo ní kí n kàn tọ́ ọ wò ni. Gbogbo olè ni ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo padà lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ègé 6 ni mo jẹ, mo sì nu ọwọ́ mi sí ara ògiri, mo padà lọ dùbúlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní ìdí àdúrà, kí a tó kọrin, bàbá mi béèrè. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ẹ̀gbọ́n wa yìí ni wọ́n rán láti dáná ní kùtùkùtù, nítorí náà ojú gbogbo wa yí sí i. Ó ní òun kọ́. Bàbá mi wá yí sí mi, ó ní, "Ìwọ tí ẹ jọ ń sùn, ṣé o rí i kí ó dìde ní òru?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo rí i."

Gbólóhùn kan náà ni. Wọ́n nà án. Bí wọ́n ti ń nà án, kò bẹ bàbá mi. Èmi ni ó ń bẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó pe orúkọ mi pé kí n sọ òtítọ́. Mo wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà a kọrin, a ka Bíbélì yípo, a sì lọ sí ìsìn Ìkórè. Nígbà tí ilé-ìwé parí sáà náà, wọ́n dá a padà sí oko fún bàbá rẹ̀. Ìwé karùn-ún ni ó wà. Kò kàwé mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ ó ha gbàgbọ́ bí mo bá wí fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí di ohun ẹ̀rín nínú ilé wa? Bí gbogbo wa bá péjọ ní ọdún Kérésìmesì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa sọ àwọn ìtàn ìgbà èwe wa: ti agogo, ti ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti ewúrẹ́ tí ó jẹ ìwé ìwàásù bàbá wa, àti ti "olè ẹran Ìkórè." Gbogbo ilé a sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn náà, bí ẹran ti dùn tó wà níbẹ̀, bí ojú bàbá wa ti le tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Bí orí 37 ti rí gan-an ni.

Ìyá-ńlá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ náà lọ títí di ọdún 1994 tí ó kú, ó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀ ní ipò tí ó ti máa ń wà, ní kété kí ó tó kan tèmi. Ọdún 6 ni mo fi ń gbọ́ orúkọ náà ní aago 5 ààbọ̀, tí tèmi sì tẹ̀lé e. Èmi yìí ni mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, tí mo kọ́ bí a ti í túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tí a sì fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Mo ti wàásù lórí Jósẹ́fù ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, mo sì máa ń fi ara mi sí ipò Jósẹ́fù nígbà gbogbo. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀yin náà ń ṣe. A kì í fẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn tí ń jẹun lẹ́nu ihò.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà tán, ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, béèrè pé, "Níbo ni bọ̀ọ̀dá náà wà báyìí?" Ilé dákẹ́. Ènìyàn tí ó lé ní 30 ni a jókòó níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dá ọmọ náà lóhùn.

Ní òru ọjọ́ náà mo lọ bá ìyá mi, mo sì jẹ́wọ́. Bàbá mi ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 2009. Kò gbọ́ ọ rí. Ìyá mi dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé kì í ṣe nítorí ẹran nìkan ni wọ́n fi dá ọmọ náà padà. Ó ní owó ilé-ìwé kò sí, oúnjẹ kò tó, bàbá mi sì ti ń wá bí ẹnu kan yóò ti dín nínú ilé láìjẹ́ pé ojú yóò ti òun lọ́dọ̀ àwọn ará ilé. Ẹran náà ni ó rí fi ṣe ìdí. Mo ti ronú lórí èyí gidigidi. Júdà náà ronú èrè nígbà tí ó ní kí wọ́n tà á. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá mi, èmi kì yóò sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀ nínú ìwé yìí, nítorí pé ẹnu mi ni ó ti gba ohun tí ó ń wá. Bí mo bá gbé ẹ̀bi náà kà á lórí, èké kejì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ wà ní ilé yín, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi wà ní ìṣẹ́jú yìí. Nígbà tí nǹkan bá sọnù, ta ni ojú yín kọ́kọ́ ń wò? Ọmọ tí kò ní ìyá nítòsí ni ó rọrùn láti fura sí, òun ni ó sì rọrùn láti dá padà. Ẹ má ṣe béèrè ẹ̀sùn níwájú gbogbo ilé ní ìdí àdúrà, nítorí pé ẹ̀rù a mú kí ọmọ purọ́ fún yín níwájú Ọlọ́run, ẹ ó sì rò pé Ọlọ́run ni ó fi hàn yín. Ẹ pe ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́. Bí ó bá sì ń bẹ̀bẹ̀, ẹ fetí sí ẹni tí ó ń bẹ̀.

Nínú Lẹ́ńtì ọdún 2024 mo lọ wá a. Ó ṣì wà ní oko kòkó náà. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń tún agbọ̀n ṣe. Ó rí kọ́là ọrùn mi, ó sì dìde, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìjọ," kò mọ̀ mí. Nígbà tí mo sọ orúkọ mi, ó jókòó padà, ó sì ń bá agbọ̀n rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ nínú ewé gbígbẹ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo jẹ ẹran náà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹní kan náà ni a jọ sùn. Mo gbóòórùn ẹran díndín lọ́wọ́ rẹ ní òru ọjọ́ náà."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé wọn ìbá gbà mí gbọ́?"

Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, kí òun má ba fi ìbínú ṣe oúnjẹ jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó tún ní, "Àwọn tí a jọ wà ní ìwé karùn-ún, mo máa ń gbọ́ ibi tí wọ́n dé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sákéù, nínú Lúùkù 19, kò dúró lórí ìjẹ́wọ́ nìkan; ó ka ìlọ́po 4 sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá rẹ́ jẹ. Èmi kò lè dá ìwé kẹfà padà fún ọkùnrin tí ó ti lé ní ọdún 45. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti gbà láti máa san owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ tán. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ó ní kí a má ṣe pè é ní àánú. A ń pè é ní gbèsè. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣe kọ orúkọ òun.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2024, ó wá sí ilé wa pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá. Kí a tó jẹun, mo dìde níwájú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, mo sì sọ ìtàn ẹran Ìkórè náà bí ó ti rí, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mẹta tí ó pe orúkọ mi. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà nawọ́ sí ọ̀bẹ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe láti pín ẹran, ṣùgbọ́n ìyá mi gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e fún ọmọ àna rẹ̀ yìí. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò yíká láti mọ ẹni tí ó dàgbà àti ẹni tí ó kéré, nítorí pé ó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbà, ó ń pín in bọ̀, títí ó fi kan èmi.